Ẹ Yé Kà Wọ́n Lásán, Ẹ Tú Inú Wọn Wò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Wildlife Health Australia

Sí ẹ̀yin alákòóso Wildlife Health Australia, àjọ tó ń mójú tó ìlera ẹranko igbó ní Ọsirélíà, àti gbogbo ẹ̀yin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń tọ kangarúù lẹ́yìn nínú igbó àti pápá Ọsirélíà.

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn.

Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí, torí òun ni mo fi ń ronú, àti torí pé àwọn èèyàn mi nílé kì í yé béèrè lọ́wọ́ mi pé irú ẹran wo gan-an lẹran tó ń tọ pọ́ún pọ́ún yẹn. Ẹ ó rí ẹni bá yín túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò wọ́n ní Melbourne, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́n ní Sydney.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù ló fà á. Mò ń bọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn Fikitóríà, ọkọ̀ tó wà níwájú mi sì gbá kangarúù kan. Ó dún gbì. Ẹni tó gbá a sọ̀ kalẹ̀, ó wo iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan iná rẹ̀ tó fọ́, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi dúró. Abo lẹran náà, ó ti kú, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń mì. Mo pe nọ́ńbà àwọn tó ń gba ẹranko là. Nígbà tó yá, obìnrin kan dé, tọ́ọ̀ṣì lórí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò ikùn ẹran náà bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ó ní, "Ó wà níbí." Mo rò pé yóò fà á jáde ni. Kò fà á. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé orí ọmú ìyá, ó gbé ọmọ náà pẹ̀lú orí ọmú tó há sí i lẹ́nu sínú àpò ìrọ̀rí, ó wá fi píìnì kan orí ọmú náà mọ́ aṣọ kí ọmọ má baà gbé e mì. Ó ní bí èèyàn bá fi agbára fà á, ẹnu ọmọ ni yóò bàjẹ́. Ó gbé e sí àyà rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Lẹ́yìn náà ó fa ìyá kúrò lójú títì, ó mú ọ̀dà inú agolo, ó fọ́n àmì X gàdàgbà sí i lára, kí ẹni tó bá tún kọjá lè mọ̀ pé wọ́n ti wo inú àpò rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá ńkọ́? Ta ni yóò wo ìyá?"

Ó ní, "Ìyá ti kú."

Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ohun tí mò ń béèrè kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Ọdẹ ni bàbá mi. Iná kábáàdì ló ń dè mọ́rí lóru. Bó bá pa ẹtu tàbí òyà wálé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò kaná títí yóò fi tú u. Á gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sórí ewé, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wò ó bóyá ó ní àmì funfun funfun lára. Á wo ẹ̀dọ̀fóró. Á la oríkèé ẹsẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bo odidi ìgalà mọ́lẹ̀, ìyá mi sì bínú títí dé ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Bàbá mi ro ìṣẹ́, ó ro ìyà, ó sì tún bo ẹran mọ́lẹ̀. Kò mọ orúkọ àrùn kankan lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé lọ́dún báyìí, ẹran òdìkejì odò kò dára. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Nígbà tó kú, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹran àdúgbò wa bá a lọ.

Ojú yẹn ni mo fi ń wo kangarúù yín.

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn láti sọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Iṣẹ́ ńlá lẹ ti ṣe lórí ẹran yìí, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹ wo ti ìbímọ nìkan. Ọjọ́ 33 péré ni oyún kangarúù pupa. Ọmọ tó bí kò wúwo tó gíráàmù kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ẹ̀pà lọ. Ojú rẹ̀ kò tíì là, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì di ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti gbó, ó ti ní èékánná. Ọwọ́ yẹn ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ gòkè nínú irun ikùn ìyá, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, láìsí ẹni tó gbé e, títí yóò fi wọ àpò, tí yóò sì gbá orí ọmú kan mú nínú mẹ́rin. Orí ọmú náà á wú sí i lẹ́nu. Ìgbà tí mo ka èyí ni mo tó mọ ìdí tí obìnrin yẹn fi lo sísọ́ọ̀sì.

Lọ́dún 1629, Francisco Pelsaert, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Batavia ti àwọn ará Họ́láńdì tó fọ́ sí àwọn erékùṣù Houtman Abrolhos, rí tammar, ẹran kékeré kan tó jẹ́ ìbátan kangarúù. Ó wo inú àpò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé ara orí ọmú gan-an ni ọmọ ti ń hù jáde. Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó wò ó dáadáa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju òótọ́ ẹni tó jókòó sílé lọ.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí kangarúù pupa bá bímọ, ó lè tún lóyún, kí oyún náà sì dúró. Á dúró bí kóró kékeré, kò ní dàgbà, á máa retí kí ọmọ inú àpò tó jáde, tàbí kí ó kú, kí òun tó tẹ̀síwájú. Ìdí nìyẹn tí abo kan fi lè ní ọmọ kan tó ti ń rìn nílẹ̀, ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan nínú ikùn tó ń dúró de àyè. Orí ọmú tí ẹ̀gbọ́n ń mu àti èyí tí àbúrò ń mu, wàrà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ló ń sun ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀dá bá wá pẹ́, tí koríko tán, á dáwọ́ ọmọ bíbí dúró. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí nílé, ẹ gbọ́ o.

Mo mọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ méjì, Terence Dawson àti Richard Taylor, gbé kangarúù pupa sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, wọ́n sì rí i pé bó ṣe ń fi kún eré tó ń tọ, afẹ́fẹ́ tó ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, torí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí rọ́bà tó ń fà tó sì ń padà. Lọ́dún 2014, Dawson yìí kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìrù ló fi ń ti ara rẹ̀ lọ bí ẹsẹ̀ karùn-ún. Àwọn onímọ̀ láti Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà náà sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2015 pé ọwọ́ òsì ni kangarúù fẹ́ràn láti fi nura àti láti fi já ewé. Ìyá mi ní kí n má sọ èyí síta, torí a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Ó dáa. Ẹ̀dùn ọkàn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀ ń kà wọ́n jù, ẹ kì í tú wọn wò tó.

Láti àárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹranko, Graeme Caughley àti Gordon Grigg, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré ka kangarúù lórí ilẹ̀ tó lọ rẹrẹẹrẹ, ìkà náà kò tíì dáwọ́ dúró. Orí iye tí wọ́n bá kà ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń yọ iye tí wọ́n fàyè gbà kí ọdẹ pa fún títà, tó sábà máa ń jẹ́ 15 sí 20 nínú 100. Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó fẹ́ pa nínú agbo gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà nínú agbo. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ìkà yẹn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé nígbà ọ̀dá ọdún 1982 sí 1983, nǹkan bí 40 nínú 100 ló lọ ní New South Wales. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè nínú ọkọ̀ òfuurufú kò lè mọ èyí tójú ń dùn. Kò lè mọ èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹran tó dúró tí kò ṣubú, "ọ̀kan" ni lórí ìwé, ìbáà jẹ́ alààyè ìbáà jẹ́ aláàbọ̀ ara.

Ẹ rántí ọdún 1994. Inú oṣù kẹrin ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí kangarúù tó ń forí gbá igi ní ìwọ̀ oòrùn New South Wales. Ẹran tó máa ń fo wáyà ọgbà kọjá bí ẹni fo kòtò, ó ń wọ inú wáyà lọ, ó há síbẹ̀. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè jù bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ojú wọn ti fọ́. Àrùn náà tàn dé South Australia àti Fikitóríà, ó sì dé Western Australia kó tó rọlẹ̀ lọ́dún 1996. Kangarúù aláwọ̀ eérú ti ìwọ̀ oòrùn ló mú jù, ṣùgbọ́n kò dá àwọn yòókù sí. Àwọn onímọ̀ CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba Ọsirélíà, ní ìlú Geelong, tí Peter Hooper ṣáájú wọn, la ojú àwọn ẹran náà, wọ́n sì bá awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú tó ti jẹrà. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Wallal ni. Ta ló gbé e kiri? Kantíkantí. Kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí a fi ń bú èèyàn kékeré nílé, ló fọ́ ojú agbo kangarúù káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́rin.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n padà sídìí àpótí. Ẹnì kan ti gbé ẹran ojú kangarúù afọ́jú kan pa mọ́ sínú òróró àbẹ́là tó dì, láti ọdún 1975. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wallal wà nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ni fáírọ́ọ̀sì yẹn ti ń fọ́ ojú, ègé ẹran tí kò ju èékánná lọ nìkan ló sì lè jẹ́rìí. N kò mọ orúkọ ẹni tó fi í pa mọ́, bóyá ó ti gbàgbé pàápàá. Òun ni mo fẹ́ kí gbogbo yín fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀rí mìíràn wà. Nítòsí ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ́ álúmíníọ̀mù ní Portland, Fikitóríà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Melbourne rí kangarúù tí eyín wọn ti yí àwọ̀, tí egungun ti hù kókó kókó sí wọn lẹ́sẹ̀ àti nírù. Flúóráìdì ni, tó ń bà lé koríko tí wọ́n ń jẹ. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bó awọ kúrò lára egungun. Àwọn tó ń kọjá lọ nínú mọ́tò ń rí kangarúù tó ń jẹko, ó sì lẹ́wà lójú wọn. Ní Fikitóríà yìí kan náà, koríko phalaris, tí wọ́n gbé wá láti agbègbè òkun Mẹditaréníà fún màlúù àti àgùntàn, ń mú kangarúù gbọ̀n, ó ń mì wọ́n lórí, wọ́n ń ṣubú lulẹ̀ bí ọ̀mùtí. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n nípa àgùntàn tipẹ́. Nípa kangarúù, ìgbà tí àwọn ará àdúgbò rí wọn tí wọ́n ń ta gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n létí ilé wọn ni ariwo tó ta.

Ẹni tó bá ní kí ló kan òun nínú ìlera kangarúù, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí fáírọ́ọ̀sì Ross River ti mú rí. Oríkèé ara rẹ̀ á dáhùn. Ẹ̀fọn ló ń gbé e dé ara èèyàn, kangarúù àti àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà lára àwọn ẹran tó ti ń rí i fà.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gba ìròyìn jọ láti gbogbo ìpínlẹ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà wà tí ará ìlú lè pè bó bá rí àrùn àràmàǹdà tàbí òkú ẹran rẹpẹtẹ. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "àràmàǹdà" yẹn gan-an ló ń dùn mí. Kí nǹkan tó di àràmàǹdà, ó ti pẹ́ nílé. Ẹran kan tí ọkọ̀ pa kì í ṣe àràmàǹdà. Òjòjò kan nínú pápá kì í ṣe àràmàǹdà. Ohun tí bàbá mi ń ṣe ni pé, ẹran tí kò ní nǹkan kan lójú ni ó ń tú, kó lè mọ bí ẹ̀dọ̀ tó dára ṣe rí kó tó rí èyí tí kò dára.

Ẹ ó sì béèrè pé níbo ni ẹ ti fẹ́ rí ẹran tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ni ó wà.

Lóru, ọdẹ tó níwèé àṣẹ á gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ pápá, iná ńlá lórí rẹ̀. Á tan iná sí kangarúù lójú, ẹran á dúró, á máa wo iná. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí ohun tí bàbá mi ń ṣe ní oko wa náà nìyẹn. Orí ló gbọ́dọ̀ yìnbọn sí, kó lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Á tú u nínú pápá níbẹ̀, á yọ ìfun, á gbé e kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, á so ike tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá tútù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iye tí wọ́n ń pa báyìí fi ju mílíọ̀nù kan lọ. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, a mọ agbègbè tí wọ́n ti pa á, a mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Lẹ́yìn náà ó di ẹran jíjẹ, ó di awọ bàtà, ó di oúnjẹ ajá. Ẹ mú ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà kó gbẹ. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí ìka ọwọ́ ọmọdé, ẹ fi í sínú ọtí, ẹ kọ nọ́ńbà ike yẹn sára ìgò. Ẹ gbé e pa mọ́. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní owó láti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yìí, ẹ ṣáà gbé e pa mọ́.

Ẹ má rò pé n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti jò. Mo ti rò ó títí mi ò fi sùn. Ìkíní, orí tí wọ́n yìnbọn sí kò ní ojú mọ́, kò sì ní ọpọlọ. Yàrá tútù kì bá tí rí Wallal. Eyín náà lọ, bẹ́ẹ̀ eyín ni ìwé ìrántí ọjọ́ orí kangarúù: èyí tó wà lẹ́yìn máa ń rìn bọ̀ níwájú bí ẹran ṣe ń dàgbà, ti iwájú á jẹ, á bọ́, ti ẹ̀yìn á gba ipò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò gbé egungun àgbọ̀n dání, yóò sì sọ iye ọdún. Ìkejì ló tún burú jù. Ọdẹ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ dáadáa kò gbọ́dọ̀ gbé ẹran tó ń ṣàìsàn wálé. Á fi í sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí èèyàn ni yóò jẹ ẹ́. Bí a bá wá fi yàrá tútù nìkan dájọ́, a ó ní kò sí kangarúù tí orí ń fọ́ ní gbogbo Ọsirélíà.

Nítorí náà, ẹran tí ọdẹ kọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sáré tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: ibi báyìí, ọjọ́ báyìí, mo rí abo kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn lórúkọ lẹ́nu àwọn dókítà ẹranko, bakitéríà ló ń wọ egungun àgbọ̀n lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára kangarúù inú ọgbà ẹranko ju ti inú igbó lọ. Ṣé ó ń pọ̀ sí i nínú igbó nígbà ọ̀dá, tí wọ́n ń jẹ igi ẹlẹ́gùn-ún? Foonu wà lọ́wọ́ ọdẹ. Ẹ sanwó díẹ̀ fún un lórí ìròyìn bẹ́ẹ̀, kó má baà dà bíi pé ẹ̀ ń rán an níṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹran ojú títì náà ńkọ́? Orí rẹ̀ wà, ojú rẹ̀ wà, eyín rẹ̀ pé. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ lè máa rí afọ́jú pa ju aríran lọ, ẹ̀yin onísirò ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú ìyẹn ṣe. Àwọn obìnrin bíi ti ìrọ̀lẹ́ yẹn ti wà lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀. Ẹ fún wọn ní ìgò méjì méjì, ìbọ̀wọ́ àti ìwé àṣẹ.

Mi ò ní kí ẹ máa lé alààyè kiri o. Kangarúù tí ìbẹ̀rù bá bá jù lọ́wọ́ ẹni tó mú un, iṣan ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàyè, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ ti tú u sílẹ̀ tí ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lọ ní àlàáfíà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ṣe é. Ní Wilsons Promontory, ọgbà ẹranko igbó kan létí òkun Fikitóríà, láti ọdún 2008, Marco Festa-Bianchet láti Kánádà, Graeme Coulson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń tẹ̀ lé kangarúù aláwọ̀ eérú níkọ̀ọ̀kan, ọdún dé ọdún. Wọ́n á rọra sún mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó ní abẹ́rẹ́ lórí, oorun á gbé e, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wo inú àpò, wọ́n á fi àmì sí i létí. Torí pé wọ́n mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe rí ohun tí ọkọ̀ òfuurufú kò lè rí láéláé: nínú ọmọ 326, àwọn 11 wà lọ́dọ̀ ìyá tí kì í ṣe tiwọn, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ pé àwọn ìyá ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ láàárín ara wọn. Ó jọ pé wọ́n ṣì wọ àpò ni. Ibì kan ṣoṣo nìyẹn. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wà níbi tí òjò kì í ti í rọ̀, níbi tí kangarúù pupa wà, kó sì wà títí, kì í ṣe títí owó ìwádìí ọdún mẹ́ta yóò fi tán.

Ẹnì kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ lọ bá, òun ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ dárúkọ. Lọ́dún 1770, ní etí odò Endeavour, àwọn Guugu Yimithirr, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló sọ fún àwọn ará ọkọ̀ James Cook, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé gangurru lorúkọ ẹran náà. Ìtàn tí wọ́n ń pa kiri pé "n kò mọ̀" ni ó túmọ̀ sí, irọ́ ni. John Haviland, onímọ̀ èdè, kọ́ èdè wọn ní àwọn ọdún 1970, ó sì gbọ́ ọ kedere pé irú kangarúù kan pàtó ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sọ ọ́, àwọn àlejò ló ń rò pé wọn kò mọ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ yìí ti ń pa kangarúù, wọ́n ti ń tú u, wọ́n ti ń yan ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lórí iná láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Àgbàlagbà kan wà níbì kan lónìí tó lè sọ fún yín pé ọ̀rá ìdí ìrù kangarúù àdúgbò òun kò rí bó ṣe rí nígbà èwe òun. Ẹ lọ bi í kó tó ṣe bíi bàbá mi. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù lọ bi í. Ẹ bá a lọ ṣọdẹ.

Obìnrin yẹn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọmọ kangarúù náà wà nínú àpò aṣọ tó so kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ gígùn kan yọ síta. Lẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri, mo rí kàlẹ́ńdà. Ó kọ ìwọ̀n ọmọ náà sínú àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láìfo ọjọ́ kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún gba ọ̀nà yẹn. Ìyá ṣì wà níbẹ̀, awọ àti egungun, ọ̀dà X ti ń ṣí. Ẹyẹ ti ya egungun àgbọ̀n rẹ̀ sọ́tọ̀, eyín rẹ̀ sì pé sínú rẹ̀. N kò gbé e, torí òfin kò fẹ́ kí ará ìlú máa kó ara ẹranko igbó lọ sílé láìgbàṣẹ. Mo fi owó ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì ti ẹsẹ̀ bọ ewé sórí rẹ̀ díẹ̀ kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má gbé e lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ẹ, mo mọ igi tó wà nítòsí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ọdẹ kan ní Fikitóríà